Ọwọ́ Ọba Ni Káúńtì Jẹ́ Tẹ́lẹ̀, Kí Ló Sọ Ọ́ Di Ti Aráàlú?

Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, inú tèmi náà sì dùn. Àwọn adájọ́ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ fìdíhẹ tí àwọn gómìnà ń yàn sípò kò bófin mu. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, nílé àti lókè òkun, pé ìjọba ìbílẹ̀ ti gba òmìnira, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò parí. Owó Àbújá, ì báà gba ọwọ́ gómìnà kọjá, ì báà má gba ibẹ̀, owó Àbújá náà ni. Alága tó ń gbà á yóò máa wojú ẹni tó ń fún un. Ìtàn káúńtì, ìyẹn agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ kí n rí i bẹ́ẹ̀, nítorí inú káúńtì ni mò ń gbé, mo sì ti jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Dartford ni mo wà, ní Kent. Oṣù Kẹta ọdọọdún ni ìwé owó kánsù máa ń dé. Wọn kì í kàn kọ iye kan sí i kí wọ́n ní kí a lọ san án. Wọ́n á tò ó lẹ́sẹẹsẹ: iye tí káúńtì Kent fẹ́ gbà, iye tí kánsù Dartford fẹ́ gbà, ti ọlọ́pàá, ti panápaná. Ti káúńtì ló máa ń pọ̀ jù, nítorí òun ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ títì, ilé ìkàwé, ètò ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí kò lè dá nǹkan ṣe mọ́. Ìtọ́jú àgbàlagbà yìí ni iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òṣìṣẹ́ káúńtì ló máa ń wá bá wa ní ilé ìtọ́jú láti wádìí ẹni tí káúńtì máa sanwó fún àti ẹni tí yóò fi owó ara rẹ̀ san án. Dartford ló ń kó pàǹtí kúrò lójúde wa, káúńtì ló ń wá ibi tí wọn yóò dà á sí. Ẹni tí ìwé yẹn bá dé ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹni tó yẹ kí òun lọ bá jà.

Kent dàgbà ju ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní ọba tirẹ̀ kí ilẹ̀ náà tó di ọ̀kan, bí Essex àti Sussex náà ṣe ní. Ní Wessex, àwọn ọba ti pín ilẹ̀ wọn sí Hampshire, Wiltshire, Dorset àti Somerset kí ọ̀rúndún kẹsàn-án tó parí. Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹwàá, bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Denmark, wọ́n fa irú ààlà bẹ́ẹ̀ yí àwọn ìlú olódi bíi Bedford àti Warwick ká, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pe gbogbo agbègbè rẹ̀. Ọba Edgar ṣòfin pé kí ilé ẹjọ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan máa jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí bíṣọ́ọ̀bù àti olóyè ọba wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ti ń parí ìjà ààlà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ka ọ̀rọ̀ ọba sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àwọn Norman fi ogun gba ilẹ̀ náà ní 1066, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n dà rú, ṣùgbọ́n wọn kò da èyí rú. Káúńtì-káúńtì ni wọ́n to ìwé Domesday ní 1086, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ohun tí ọba lè rí gbà níbẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Ohun tí ọba lè rí gbà ni. Ẹni tó ń ṣojú ọba ní káúńtì ni ṣẹ́rífù, òun àti ọba sì ti jọ fi iye kan sílẹ̀ tí yóò máa san lórí káúńtì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lásìkò Àjíǹde àti ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ó ń lọ jíhìn níwájú àwọn ìjòyè ọba, wọ́n á tẹ́ aṣọ alápótí-alápótí sórí tábìlì, wọ́n á máa to ẹyọ ìṣírò lé e. Bí ó bá gbà ju iye náà lọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, tirẹ̀ ni àlékún. Ìnilára tó ti ibẹ̀ wá pọ̀ débi pé ní 1170, Ọba Henry Kejì rán àwọn olùwádìí káàkiri, ó sì yọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ṣẹ́rífù rẹ̀ nípò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Devon ní 1204. Òfin igbó ọba ló bo ilẹ̀ wọn: èèyàn kò lè pa ẹran bó ṣe wù ú, kò lè gé igi bó ṣe wù ú, kò lè fẹ oko rẹ̀. Àwọn ará Devon bá dáwó jọ, 5,000 máàkì, wọ́n kó o fún Ọba John, ó sì yọ gbogbo káúńtì náà kúrò lábẹ́ òfin igbó, àyàfi Dartmoor àti Exmoor. Owó gọbọi ni nígbà náà. Káúńtì tí ọba ń lò láti fi gbowó ti mọ bí a ṣe ń fi owó bá ọba sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, nínú ìwé àdéhùn Magna Carta, wọ́n mú kí Ọba John gbà pé òun kò ní fi kún iye tí káúńtì ń san láti ìgbà àtijọ́, àti pé kí wọ́n yan ènìyàn méjìlá ní káúńtì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n búra, kí wọ́n wádìí ìwà ibi àwọn ṣẹ́rífù. Nígbà tí Ọba Edward Kìíní fẹ́ owó ogun ní 1295, ó ní kí káúńtì kọ̀ọ̀kan fi akọni méjì, ìyẹn knight, ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ rẹ̀. Báyìí ni àyè káúńtì ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ilé aṣòfin, owó ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń yan àwọn akọni náà o. Láti 1430, àfi ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú ogójì ṣílè wọlé lọ́dún.

Lẹ́yìn náà ni agbára ṣẹ́rífù ń dín kù, tí ti àwọn adájọ́ àdúgbò sì ń pọ̀ sí i. Òfin ọdún 1361 ló fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ètò ìsìnkú wa nílé, ẹ ti rí J.P. (Justice of the Peace) lẹ́yìn orúkọ olóyè púpọ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni àwọn adájọ́ wọ̀nyí ń jókòó, onílẹ̀ ńláńlá ni ọ̀pọ̀ wọn, ọba ló ń yàn wọ́n. Yàtọ̀ sí ẹjọ́, wọ́n di ìjọba káúńtì gan-an: ọgbà ẹ̀wọ̀n, òṣùwọ̀n ọjà, ilé ọtí, owó iṣẹ́ alágbàṣe. Afárá pẹ̀lú. Afárá tí kò sẹ́ni tó mọ olúwa rẹ̀, tí ó wó, tí oníkálùkù ń sọ pé kì í ṣe tòun, òfin 1531 sọ pé káúńtì ni kó tún un ṣe, kí ó sì bu owó lé àwọn ará káúńtì lórí fún un. Ní 1739 wọ́n wá so gbogbo owó kéékèèké yìí pọ̀ di owó káúńtì kan ṣoṣo. Afárá dára lóòótọ́, èmi náà ti gba orí púpọ̀ nínú wọn kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bu owó náà léni lórí, kò sẹ́ni tó dìbò yàn wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè yọ wọ́n. Ọdún tó lé ní ogóje ni wọ́n fi gbé e báyìí, tí àwọn tó ń san owó ń kùn, tí ìkùn náà ń ga sí i.

Ní 1884 ni àwọn òṣìṣẹ́ oko rí ẹ̀tọ́ ìbò ilé aṣòfin gbà. Ohun tó wà nílẹ̀ wá di ohun ìtìjú: alágbàṣe oko lè dìbò yan ẹni tí yóò ṣòfin fún gbogbo ilẹ̀, kò lè yan ẹni tí yóò tún afárá abúlé rẹ̀ ṣe. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ọdún 1888 ló fòpin sí i. Ìjọba Lord Salisbury ló ṣe é, Charles Ritchie ló gbé e wá sílé aṣòfin. Wọ́n gba owó, ojú ọ̀nà àti afárá lọ́wọ́ àwọn adájọ́, wọ́n kó o fún kánsù káúńtì tí àwọn tó ń sanwó yóò máa dìbò yàn. Ìbò àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù Kìíní 1889. Obìnrin tó ń sanwó ilé tó sì jẹ́ ẹni tí kò tíì lọ́kọ tàbí opó lè dìbò níbẹ̀, nígbà tí kò lè dìbò fún ilé aṣòfin rárá. Ní London, wọ́n dìbò yan obìnrin méjì, Jane Cobden àti Lady Sandhurst. Ẹni tí Lady Sandhurst fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ ní Brixton gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ní kánsù. Ó di 1907 kí òfin tó tún ìyẹn ṣe. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn òyìnbó jí, tí wọ́n rí ìjọba rere lẹ́nu ọ̀nà.

Kí n tó wá sí Dartford, Peckham ni mo gbé, lẹ́bàá Rye Lane, níbi tí a ti ń ra èlùbọ́ àti ewédú bí ẹni pé ọjà Bódìjà la wà. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà níbẹ̀, ọmọ London ni wọ́n ń pe ara wọn. Surrey ni Peckham wà títí di 1889. Ọdún náà ni wọ́n gé e mọ́ káúńtì London tuntun, wọ́n sì gé Woolwich, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí lónìí, kúrò lára Kent mọ́ ọn. Ní 1965 wọ́n tún fa ààlà náà gbòòrò, ó di London Ńlá, Middlesex pòórá lójú àwòrán ilẹ̀, Peckham sì bọ́ sábẹ́ Southwark. Káúńtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ogọ́rin ọdún, ilé kan kò sì ṣípò. Ààlà kì í ṣe ohun mímọ́. Ènìyàn ló ń fà á, ènìyàn ló sì ń yí i padà. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni bóyá lẹ́yìn tí wọ́n yí i tán, ẹni tó ń sanwó ṣì mọ ẹni tí yóò bi léèrè.

Ìgbà mìíràn wà tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní 1974, wọ́n da Rutland, káúńtì tó kéré jù, mọ́ Leicestershire. Àwọn ará Rutland kò gbà, wọ́n ń jà á, wọ́n sì gba káúńtì wọn padà ní 1997. Ní London, kánsù ńlá tí Ken Livingstone ṣe olórí rẹ̀ ń bá ìjọba Margaret Thatcher fa wàhálà, Thatcher sì pa kánsù náà rẹ́ ní 1986. Ilé rẹ̀ ṣì dúró létí odò Thames ní òdìkejì ilé aṣòfin, òtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìwòran ẹja ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ohun tó dùn mí nínú èyí ni pé ilé aṣòfin kan lè dìde lọ́jọ́ kan kó gba ìjọba mọ́ ará London lọ́wọ́, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ láìsí ìjọba gbogbo ìlú fún ọdún mẹ́rìnlá. Lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí, láti oṣù Kejìlá 2024, ìjọba ti kéde pé òun fẹ́ da káúńtì àti kánsù abẹ́ rẹ̀ pọ̀ di ìpele kan ṣoṣo, Kent sì wà nínú rẹ̀. Ìwé tí mo ń rí gbà lóṣù Kẹta lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láìpẹ́.

Northamptonshire ni mo fẹ́ kí àwọn alága wa nílé kà nípa rẹ̀. Ní 2018, kánsù káúńtì náà kéde pé òun kò lówó mọ́. Owó ìtọ́jú àgbàlagbà àti ọmọdé ti ga, owó tó ń ti London wá ti dín kù, àwọn olórí káúńtì náà sì kọ̀ láti gbé owó kánsù sókè fún ọdún mélòó kan nígbà tó yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba rán àwọn alábòójútó wá, ní oṣù Kẹrin 2021 wọ́n pa káúńtì náà rẹ́, wọ́n fi kánsù méjì rọ́pò rẹ̀. Ó burú, kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ gbangba ló ti ṣẹlẹ̀: ìwé ìṣirò wà níta, aráàlú rí iye tí wọ́n san, wọ́n rí ibi tó bà á jẹ́, wọ́n mọ orúkọ àwọn tó bà á jẹ́.

Ìtàn yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ní 1950, Ìlà Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin tó dá kánsù káúńtì sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ yẹn gan-an. Ní 1952, nígbà tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà ìjọba ìbílẹ̀, Ìwọ̀ Oòrùn ṣe tirẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ètò tó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì: àwọn tí wọ́n dìbò yàn pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọba àti ìjòyè náà ní àyè, kánsù sì ń gbowó. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní ọ̀kan nínú wọn lágbègbè Ìbàdàn. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Àgbẹ̀kọ̀yà, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tó kọ ìyà owó orí, dìde ní 1968, wọ́n sì máa ń sọ fún wa títí wọ́n fi kú pé àwọn àgbẹ̀ kò sọ pé àwọn kò ní san ohunkóhun. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń bèèrè ni pé kí owó orí wálẹ̀, kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe, kí owó kòkó sàn, kí àwọn agbowó orí yé fìyà jẹ wọ́n. Nígbà yẹn, kánsù tí aráàlú yàn kò sí mọ́. Ìjọba ológun ti lé wọn lọ, alábòójútó tí ìjọba yàn ló wà níbẹ̀. Owó wà, ìbò kò sí. Ohun kan náà tó ń bí àwọn tó ń san owó afárá nínú ṣáájú 1888 ló bí Tàfá Adéoyè, olórí Àgbẹ̀kọ̀yà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn aláṣẹ wa kọ́ níbẹ̀ ni mo takò. Dípò kí wọ́n so ìbò mọ́ owó tí aráàlú ń san, òkè ni wọ́n yíjú sí fún owó. Owó epo ti dé, àtúntò ọdún 1976 sì ṣètò kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gba ìpín láti òkè. Láti ìgbà náà, a ń pín ìjọba ìbílẹ̀ sí wẹ́wẹ́ títí ó fi di 774, ẹnikẹ́ni tó bá sì gba oríkò rẹ̀ ti gba ẹnu ibi tí owó ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò fi oríkò Ifẹ̀ Ìlà Oòrùn sí fi di ìpakúpa láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1997. Ìyá àti ọmọ kú, ilé jóná. Mi ò gbà gbọ́ pé bí iṣẹ́ kánsù bá jẹ́ owó tí àwọn méjèèjì jọ dá, tí wọ́n jọ ń bi í léèrè, ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn tó bẹ́ẹ̀ nítorí ilé ọ́fíìsì.

Àwọn kan á ní ara ń ni àwọn ènìyàn wa, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí owó kánsù? Wọ́n ti ń san án. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Sàbó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, awakọ̀ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ní gárèèjì, ọlọ́kadà ń ra, alálùpùpù tó ń gbé omi inú ọ̀rá ń ra. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn ibi tí owó náà wọlé sí. Òfin Nàìjíríà, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ọjà, gárèèjì àti owó ilé sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Èkó, láti 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ ti da owó ilé pọ̀ mọ́ owó orí ilẹ̀ tó ń gbà. Ilé ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀ nípa owó Àbújá. Owó wa tí a ń san lójoojúmọ́ kò sí nínú ẹjọ́ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kò tóbi. Kí àjọ tí gómìnà kò yàn máa ṣètò ìbò kánsù. Kí owó ilé padà sọ́wọ́ kánsù, kí ìwé rẹ̀ sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí tiwa ní Kent. Kí wọ́n gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá: iye tí a gbà ní tíkẹ́ẹ̀tì lóṣù tó kọjá, iye tí a fi kó ìdọ̀tí, iye tí a fi la gọ́tà, iye tó kù. Bí kánsù kan ṣoṣo ní Ìwọ̀ Oòrùn bá ṣe èyí fún odidi ọdún kan ṣáájú ìbò, mo fẹ́ mọ iye ìyá ọlọ́jà tí yóò tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìbò láti lọ tò.